Ẹ̀rí Etí àti Ẹ̀rí Ìwọ̀n Nínú Ìdájọ́ Ẹ̀rọ Orin

Lára àwọn ìbéèrè tí ó ti pẹ́ jùlọ nínú ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni èyí tí ó dá lé ẹ̀rí: bí ohun tí ènìyàn fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bá tako ohun tí ìwọ̀n àti ìṣirò sọ, èwo nínú méjèèjì ni ó yẹ kí olóye gbà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan, nítorí pé láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀rọ orin tí ayé ń pè ní hi-fi, ó ti di ìjà tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Hi-fi ni orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èrò pé kí ohùn tí yóò jáde nínú rẹ̀ bá ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ mu, láìsí àfikún, láìsí àyọkúrò. Ẹnì kan a ra wáyà olówó iyebíye, a sì sọ pé láti ìgbà tí òun ti fi so sípíkà òun ni ohùn olórin ti túbọ̀ ń dún gaara. Ẹnjiníà a gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, a sì sọ pé wáyà náà kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. Èkínní ní òun gbọ́. Èkejì ní kò sí ohun tí ó wà níbẹ̀ láti gbọ́. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé wọn kò gbé ìjà náà ka ibi tí ó yẹ, nítorí pé kì í ṣe etí àti sáyẹ́ǹsì ni ó ń bá ara wọn jà, bí kò ṣe etí tí ó dá gbọ́ àti etí tí ojú, iye owó àti òkìkí ń bá a gbọ́.

Àwọn àgbà ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ó yẹ kí ẹjọ́ ìhà méjèèjì kọ́kọ́ di mímọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé Ogun Àgbáyé Kejì, ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yẹ ẹ̀rọ orin wò fún ìwé ìròyìn gbára lé. Julian Hirsch, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìyẹ̀wò fún Stereo Review, gbà pé bí ìwọ̀n ámúpílífáyà méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sọ iná ìró tín-ín-rín di alágbára tí ó tó láti mi sípíkà, bá ti dára tó, kò yẹ kí etí lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. J. Gordon Holt kò fara mọ́ ìlànà yìí, ó sì dá ìwé ìròyìn Stereophile sílẹ̀ ní 1962 lórí ìgbàgbọ́ pé gbígbọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú ìdájọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún gbígbọ́. Nígbà tí ó di 1973, Harry Pearson dá The Absolute Sound sílẹ̀, ohun tí ó sì fi ṣe òdiwọ̀n ni ìró ohun èlò orin tí kò gba inú ẹ̀rọ kankan kọjá, bí ó ṣe ń dún nínú gbọ̀ngàn gidi létí àwọn tí ó jókòó síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìhà kan ti ń pe èkejì ní adití tí ń ka nọ́ḿbà, tí èkejì sì ń pè é ní ẹni tí èrò ọkàn ara rẹ̀ ń tàn jẹ.

Gbòǹgbò ìjà náà jinlẹ̀ ju ti àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí lọ. Ní 1623, nínú ìwé rẹ̀ Il Saggiatore, Galileo Galilei ṣàlàyé pé adùn, òórùn, àwọ̀ àti ìró, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ wọ́n lára, kò sí nínú ohun tí ó fà wọ́n, pé inú ẹ̀dá abẹ̀mí ni wọ́n ń gbé, àti pé ìrísí, iye àti ìrìn nìkan ni ohun tí ó wà níta lè pè ní tirẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun méjì ni ènìyàn ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀ nípa ìró: èkínní ni mímì afẹ́fẹ́, èyí tí ẹ̀rọ lè wọ̀n, èkejì ni gbígbọ́ fúnra rẹ̀, èyí tí ẹni tí ó gbọ́ nìkan mọ̀. Sáyẹ́ǹsì pàápàá ti jẹ́rìí sí ìyàtọ̀ yìí. Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà fi hàn pé etí kì í fi ojú kan náà wo gbogbo ìró, pé ìró ìsàlẹ̀, irú èyí tí ìlù ńlá máa ń mú jáde, nílò agbára púpọ̀ ju ìró àárín lọ kí ó tó lè dún sókè bákan náà létí, àti pé ìyàtọ̀ náà máa ń dínkù bí ariwo bá ṣe ń pọ̀ sí i. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ pé nọ́ḿbà kì í ṣe ìró kò sọ ìsọkúsọ. Òótọ́ tí àwọn òǹwọ̀n fúnra wọn wádìí ni ó ń sọ.

Ìtàn tún fi hàn pé etí ti ṣáájú ìwọ̀n dé ibi òtítọ́ nígbà mìíràn. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi transistor, ẹ̀yà kékeré tí ń darí iná, rọ́pò fáàfù onígíláàsì tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà tẹ́lẹ̀ nínú ámúpílífáyà ní àwọn ọdún 1960, nọ́ḿbà tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ tuntun dára gan-an, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ń ráhùn pé ohùn wọn le, pé ó ń gún etí. Ó já sí pé àwọn olùgbọ́ náà jàre. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, transistor kan ni ó ń gbé ìlàjì òkè ìgbì ìró, tí òmíràn ń gbé ìlàjì ìsàlẹ̀, ibi tí àwọn méjèèjì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn kò sì dán. Àbùkù yìí máa ń hàn jùlọ nígbà tí orin bá ń dún jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wọn ìdàrú ohùn. D. E. L. Shorter, ẹnjiníà BBC, ti kìlọ̀ láti 1950 pé pípa gbogbo ìdàrú pọ̀ di nọ́ḿbà kan ṣoṣo kò bá bí etí ṣe ń gbọ́ mu, nítorí pé irú ìdàrú kan máa ń ni etí lára ju òmíràn lọ. Ní 1970, Matti Otala láti Finland ṣàlàyé irú ìdàrú mìíràn tí ó máa ń wáyé nígbà tí orin bá yí padà lójijì, èyí tí ìwọ̀n ojoojúmọ́ ìgbà náà kò lè rí. Nínú gbogbo èyí, etí ni ó kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, ìwọ̀n sì wá ẹ̀sùn náà rí lẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ pé ibí yìí ni ìtàn parí sí, ẹni tí ó gbára lé etí nìkan ì bá ti borí. Ṣùgbọ́n etí kì í dá gbọ́. Ní 1976, Harry McGurk àti John MacDonald ròyìn ìdánwò kan nínú èyí tí wọ́n fi àwòrán ẹnu tí ń pe «ga» hàn àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì fi ohùn tí ń pe «ba» sí i. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó gbọ́ «da», ohùn tí ẹnikẹ́ni kò pè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ojú wọn, «ba» ni wọ́n ń gbọ́. Ohun tí ó yẹ kí olóye fi sọ́kàn ni pé àwọn wọ̀nyí kò purọ́, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ pé wọ́n gbọ́, àní mímọ̀ tí ènìyàn mọ àṣírí ìdánwò náà kì í sábà dá a dúró. Èyí túmọ̀ sí pé òtítọ́ inú kò tó láti fi ìdí òtítọ́ ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó ní òun gbọ́ ìyàtọ̀ lára wáyà olówó ńlá lè jẹ́ olóòótọ́ pátápátá, kí ó sì jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni ó bá etí rẹ̀ gbọ́ ọ.

Floyd Toole àti Sean Olive gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ayé ẹ̀rọ orin gan-an nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1994. Àwọn olùgbọ́ 40 dá sípíkà mẹ́rin lẹ́jọ́ lọ́nà méjì, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n ń wo àwọn sípíkà náà, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí aṣọ ìkélé bo wọ́n. Nígbà tí ojú wà lójú, àwọn sípíkà ńlá tí ìrísí wọn wuyì gba máàkì tí ó ga ju èyí tí wọ́n gbà lábẹ́ aṣọ lọ, èyí tí ó kéré tí kò sì wọ́n sì pàdánù. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu jù ni pé nígbà tí wọ́n ń wo ẹ̀rọ, àwọn olùgbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́ mọ́, irú èyí tí gbígbé sípíkà láti igun kan sí òmíràn nínú yàrá máa ń mú wá. Kì í ṣe pé ojú fi nǹkan kún ohun tí wọ́n gbọ́ nìkan. Ó tún gba nǹkan lọ́wọ́ etí wọn.

Ohun mìíràn tí ó máa ń ṣi etí lọ́nà ni bí ìró ti dún sókè tó. Bí ẹ̀rọ méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà nínú ohun gbogbo, tí ọ̀kan kàn fi díẹ̀ dún ju èkejì lọ, olùgbọ́ kì í sábà sọ pé ó dún jù. Ohun tí yóò sọ ni pé ó mọ́ jù, pé ó kún jù, pé ó ní ẹ̀mí. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi máa ń ṣe ẹ̀rọ méjèèjì kí ìyàtọ̀ ariwo wọn má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dẹ̀sìbẹ́lì kan lọ, dẹ̀sìbẹ́lì jẹ́ òdiwọ̀n bí ìró ti lágbára tó. Ìrántí etí fún ohun kéékèèké kì í sì í pẹ́ kí ó tó ṣá, nítorí náà ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tú wáyà kan, tí ó so òmíràn, ń fi ohun tí ó ń gbọ́ wé ohun tí ó rò pé òun gbọ́.

Nítorí àwọn àléébù wọ̀nyí ni wọ́n ṣe gbé ìdánwò ìbòjú kalẹ̀, ìyẹn ìdánwò nínú èyí tí olùgbọ́ kò mọ ẹ̀rọ tí ń dún. Òkùnkùn nìkan kò tó. Láti 1915, ilé-iṣẹ́ Thomas Edison ń pe àwọn èrò jọ sí gbọ̀ngàn, olórin a máa kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń lu àwo orin tirẹ̀, wọ́n a pa iná, àwọn èrò a sì sọ pé àwọn kò mọ ìgbà tí ènìyàn dákẹ́ tí ẹ̀rọ gba orin. Ṣùgbọ́n Anna Case, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà, jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun máa ń rẹ ohùn òun sílẹ̀ kí ó lè bá ti ẹ̀rọ mu. Ìdánwò tòótọ́ gbọ́dọ̀ bo ojú ẹni tí ń darí rẹ̀ náà, kí ó sì ka iye ìgbà tí olùgbọ́ gbà á. Munson, tí orúkọ rẹ̀ ti jẹ yọ ṣáájú, àti Mark Gardner tẹ ìlànà kan jáde ní 1950 tí wọ́n pè ní ABX, David Clark sì ṣàlàyé ẹ̀rọ tí ó mú un rọrùn ní 1982: olùgbọ́ mọ A, ó mọ B, wọ́n sì fún un ní X tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ó sọ èyí tí ó jẹ́. Ẹni tí ń méfò yóò gba ìlàjì. Ẹni tí ó bá gbà á lẹ́ẹ̀mejìlá nínú mẹ́rìndínlógún ti ṣe ohun tí àméfò kì í ṣe tó ìgbà 4 nínú 100.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti mú èsì wá tí kò tẹ́ ìhà kankan lọ́rùn tán. Ní 2007, E. Brad Meyer àti David Moran gba ohùn láti inú àwo tí wọ́n sọ pé ó ga ju síídì lọ, wọ́n mú un gba inú ìlànà síídì kọjá, èyí tí ó ń wọn ìgbì ìró nígbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ní kí olùgbọ́ 60 sọ ìyàtọ̀: nínú ìgbìyànjú 554, wọ́n gbà á nígbà 276, èyí tí ó jẹ́ iye tí àméfò gan-an yóò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Joshua Reiss ti Queen Mary University of London pa èsì ìwádìí 18 pọ̀ ní 2016, tí ìgbìyànjú inú wọn lé ní 12,000, ó rí i pé àwọn olùgbọ́ gbà á ní ìdá 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀ ju àméfò lọ, àti pé àwọn tí wọ́n ti kọ́ ní bí wọn yóò ṣe gbọ́ ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ lè wà, nígbà náà, kí ó sì kéré púpọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń polówó. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé etí ni ó sọ èyí àti ìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ ìwọ̀n kankan tí ó jókòó sórí àga adájọ́ nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí.

Ibí yìí ni èrò Yorùbá ti lè la ọ̀nà. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ni òwe wí, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo sì fi hàn nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1986, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá jíròrò, pé àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí máa ń ya ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó gbà láti ẹnu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ẹnu àgbà tàbí ìwé, tí wọ́n sì ń fi ti ìkejì sí ipò ohun tí ó ṣì ń retí ìdánwò. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ orin yóò sọ pé òun ni òwe náà gbè, nítorí pé òun wà níbẹ̀, òun sì gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jókòó síwájú sípíkà, ó ti mọ iye owó rẹ̀, ó ti ka ohun tí ìwé ìròyìn kọ, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò. Ìròyìn ti bá a wọ yàrá náà, ó sì ti wọ inú etí rẹ̀ gan-an, dé ibi pé òun fúnra rẹ̀ kò lè ya ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí wọ́n sọ fún un sọ́tọ̀. Ohun tí aṣọ ìkélé ń ṣe ni pé ó ń lé ìròyìn jáde. Ẹni tí ó bá tìtorí ìrírí kọ ìdánwò ìbòjú ti kọ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lè gbà rí ìrírí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ilẹ̀ Scotland, lo ìtàn kan láti inú ìwé ìtàn àròsọ Don Quixote nígbà tí ó ń kọ̀wé nípa òdiwọ̀n adùn ní 1757. Wọ́n ní kí ìbátan méjì Sancho, ìránṣẹ́ Don Quixote, tọ́ wáìnì wò nínú àgbá. Ọ̀kan ní ó dára, àfi pé ó ní ìtọ́wò awọ díẹ̀, èkejì ní ó dára, àfi pé ó ní ìtọ́wò irin. Wọ́n fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wáìnì tán, wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kan ní ìsàlẹ̀ àgbá, okùn awọ sì wà lára rẹ̀. Ìtàn yìí ń bá ìhà méjèèjì wí. Ó ń sọ fún òǹwọ̀n pé àwọn kan wà tí ìmọ̀lára wọn jinlẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, pé wọ́n sì jàre kí ẹnikẹ́ni tó rí kọ́kọ́rọ́. Ó tún ń sọ fún olùgbọ́ pé títí di ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ fi jáde, kò sí ohun tí ó ya olóye ahọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń fọ́nnu. Bart Locanthi, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, jẹ́ àpẹẹrẹ èyí: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ rédíò Sweden ti fi ọ̀pọ̀ olùgbọ́ tí ó mọ iṣẹ́ dán ìlànà tí ń fún ìró pọ̀ wò, wọ́n sì rò pé ó yege, ṣùgbọ́n Locanthi gbọ́ ìró kan tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, ní bíi 1,500 Hz, ìyẹn mímì 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dárúkọ ohun tí ó gbọ́ àti ibi tí ó wà, àwọn ẹlòmíràn sì lè fi etí wọn wá a kàn.

Ẹjọ́ náà yóò rọrùn láti dá bí wọ́n bá ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun gbádùn orin lórí ẹ̀rọ òun, kò sí sáyẹ́ǹsì tí ó lè já a nírọ́, ìgbádùn tí ẹwà ẹ̀rọ, iná fáàfù àti fífi ọwọ́ ẹni gbé àwo sórí ẹ̀rọ ń mú wá jẹ́ ìgbádùn gidi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ tijú. Bí ó bá sọ pé ẹ̀rọ yìí dún yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ti kúrò nínú ọkàn ara rẹ̀, ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ayé tí òun àti àwọn ẹlòmíràn jọ ń gbé, ẹni tí ó bá sì sọ̀rọ̀ nípa ayé gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ òun wò. Bí ó bá sọ pé èyí dára ju ìyẹn lọ, ó tún ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́, èyí náà kì í sì í ṣe òkùnkùn biribiri: ní 2004, Olive fi hàn pé ìṣirò tí ó ti inú ìwọ̀n sípíkà 70 jáde, tí wọ́n wọ̀n nínú yàrá tí kì í dá ìró padà, bá ìdájọ́ tí àwọn olùgbọ́ ṣe lábẹ́ ìbòjú mu débi pé ìbáramu méjèèjì jẹ́ 0.86, níbi tí 1 ti túmọ̀ sí ìbámu pípé. Nígbà tí wọ́n bá mú ojú kúrò, etí àwọn ènìyàn fohùn ṣọ̀kan ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ìwọ̀n sì fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé ìdánwò máa ń kó ìpayà bá olùgbọ́, pé àkókò rẹ̀ kúrú jù, àti pé àìrí ìyàtọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí tọ̀nà, ó sì yẹ kí àwọn òǹwọ̀n máa rántí rẹ̀ kí ẹnu wọn má baà ju ẹ̀rí wọn lọ. Ohun tí ìdánwò tí kò rí ìyàtọ̀ lè sọ ni pé, bí ó bá tilẹ̀ wà, ó kéré ju èyí tí àwọn olùgbọ́ náà lè dì mú. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ìdánwò kúrú, tàbí kí ó wáyé nílé àjèjì. Ènìyàn lè ṣe é nínú yàrá tirẹ̀, pẹ̀lú àwo orin tirẹ̀, fún oṣù kan bí ó bá wù ú, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ẹ̀rọ bá ti fara pa mọ́ fún un. Ẹni tí ó ní ìyàtọ̀ náà hàn gbangba bí ọ̀sán nígbà tí òun mọ orúkọ, tí ó sì ní ó fara sin jù láti dán wò nígbà tí òun kò mọ̀ ọ́n, ti sọ ohun méjì tí kò lè jọ jẹ́ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé àwọn ènìyàn ń jìyà rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé etí rẹ̀ kò mú nítorí pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ní ó wà lára wáyà olówó ńlá, òun náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì lórí ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀, títí yóò fi sanwó kí ó lè gbọ́ ohun tí àwọn mìíràn ní àwọn ń gbọ́. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì níbí yìí ni láti dáàbò bo etí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ohun tí ó fẹ́ bá a gbọ́ràn. Etí ni wọ́n ṣe orin fún, etí náà ni yóò sì dájọ́ ẹ̀rọ orin; ìdí nìyẹn gan-an tí ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bọ̀wọ̀ fún un gbà kí ó jẹ́rìí níbi tí kò ti sí ẹni tí ń ti ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.